Inú Fìlà Ni Ẹ̀rí Wà

Ìdí abẹ́rẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí géètì Gowon Estate, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń ti Ìyànà Ìpájà àti Ẹ̀gbẹ́dá bọ̀ ti máa ń já èrò sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan wọlé, wọ́n tú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé ẹrù ọwọ́ wọn, wọ́n sì gbé fìlà ṣọ́jà kan sórí máṣínnì mi. Irú èyí tó ní ẹnu níwájú bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ ni. Aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ ti já lápá kan. Bàbá ní kí n bá àwọn so ó. Mo mú réésà, mo fẹ́ kọ́kọ́ tú gbogbo òwú àtijọ́ tó kù níbẹ̀, kí n lè fi òwú tuntun rán an yípo kó dọ́gba. Kí n tó mọ̀, Bàbá ti di ọwọ́ mi mú.

"Má tú u, ọmọ mi. Ẹlẹ́rìí lo fẹ́ pa yẹn."

Mo ní, "Ẹlẹ́rìí báwo, sà?"

Wọ́n ní, "Òwú yẹn ló mọ ìgbà tí wọ́n rán fìlà yìí. Bí o bá tú u dànù, tí o fi òwú ọjà rọ́pò rẹ̀, ta ló tún máa jẹ́rìí?"

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ránṣọ nígbà náà, n kò sì gbọ́ ọ rí pé òwú ń jẹ́rìí. Mo so ibi tó já nìkan, n kò fọwọ́ kan ibi tó kù. Nígbà tí Bàbá fẹ́ sanwó, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má san án, kí wọ́n kọ́ mi ní ohun tí wọ́n mọ̀. Wọ́n kọ̀. Mo tún bẹ̀ wọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Iṣẹ́ yìí kò lówó lórí. Ṣùgbọ́n bí mo bá kú lọ́la, kò sí ẹni tó máa lè ka àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ́ nínú ilé mi. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn tí èmi náà ti ní ọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Bàbá Ṣọ́jà ni gbogbo ẹsitéètì ń pè wọ́n. Ibi tí wọ́n ń kó aṣọ àwọn ọmọ ogun pamọ́ sí ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì: àwọn ni wọ́n ń ka fìlà, bàtà àti bẹ́líìtì tó wọlé, àwọn náà ni wọ́n ń ka èyí tó jáde. Tí ṣọ́jà àtijọ́ kan bá kú ládùúgbò, tí àwọn ọmọ bá ṣí àpótí tí wọ́n rí fìlà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ Bàbá ni wọ́n ń gbé e wá. Àwọn tó ń ṣe fíìmù náà ń wá, kí wọ́n má baà dé fìlà ọdún 1990 fún ẹni tó ń ṣeré ọdún 1966. Àwọn tó ń ta òkìríkà ní Kàtàńgówà náà a máa wá, nítorí fìlà ṣọ́jà ilẹ̀ òkèèrè máa ń bá bélì aṣọ wọlé. Kò sì yani lẹ́nu pé ìlú tiwa ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ẹsitéètì wa fúnra rẹ̀, orúkọ ẹni tó dé fìlà ṣọ́jà ló ń jẹ́: Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tó ṣe olórí Nàìjíríà láti oṣù kẹjọ ọdún 1966 títí di oṣù keje ọdún 1975.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, Bàbá kò jẹ́ kí n rí iwájú fìlà kankan. Kí n tó dé, wọ́n á ti fi áńkáṣífù bo ibi tí àmì wà, ìyẹn ohun tí àwọn ṣọ́jà ń pè ní bájì. Inú fìlà ni wọ́n á ní kí n máa wò. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Bájì kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ láti pààrọ̀. Ọ̀já awọ tó ń fa òógùn iwájú orí gbà tó wákàtí kan. Òwú tó so àtẹ́rí fìlà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó ń pààrọ̀ ìyẹn láìba fìlà jẹ́. Ibi tó ṣòroó pààrọ̀ jù ni kí o kọ́kọ́ bi léèrè ọ̀rọ̀."

Mo di gbólóhùn yẹn mú. Òun ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí.

Ọwọ́ àti imú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá á gbé aṣọ mẹ́ta síwájú mi, wọ́n á ní kí n dijú, kí n fi àtàǹpàkò rà wọ́n, kí n sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irun àgùntàn máa ń rin ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Òwú tútù, ó sì dákẹ́. Aṣọ tí wọ́n po ọ̀rá mọ́ máa ń yọ̀. Tí iyè méjì bá wà, a ó já fọ́nrán òwú kan tó ti yọ fúnra rẹ̀, a ó fi iná sí i lẹ́nu. Tó bá ń rùn bí irun tó jóná, irun àgùntàn ni. Tó bá ń rùn bí ìwé tó jóná, tí eérú rẹ̀ fẹ́lẹ́, òwú ni. Tó bá yọ́, tó sì ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kékeré, ọ̀rá ni. Ọ̀rá náà kò sì pẹ́ láyé: ọdún 1938 ni àwọn DuPont ní Amẹ́ríkà kéde náílọ́ọ̀nù, ọdún 1941 sì ni àwọn onímọ̀ méjì ní Ìlú Ọba rí pọ́líẹ́sítà. Ẹni tó bá gbé fìlà wá, tó ní ogun ọdún 1914 ni wọ́n ti dé e, tí òwú àtẹ́rí rẹ̀ sì yọ́ nínú iná, ẹjọ́ ti parí.

Láti ibẹ̀ ni òfin kìíní ti wá: fìlà kò lè dàgbà ju ohun tó kéré jù lọ lọ́jọ́ orí lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí awọ rẹ̀ gbó, kí aṣọ rẹ̀ ṣá, kí bájì rẹ̀ dípẹtà, tí ohun kan lára rẹ̀ bá jẹ́ ti ọdún 1960, kò sí bí fìlà náà ṣe lè ti parí ní ọdún 1940.

Òfin kejì ló wá bá iṣẹ́ mi mu, òun sì ni mo fi ran Bàbá náà lọ́wọ́: ẹ má ka àtúnṣe mọ́ ọjọ́ orí. Fìlà lè já, kí wọ́n rán an. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ìpilẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ àtúnṣe? Ihò abẹ́rẹ́ ni. Òwú ìpilẹ̀ máa ń kún inú ihò rẹ̀, torí òun ló lu ú. Òwú àtúnṣe máa ń fi ihò àtijọ́ sílẹ̀ lófìfo ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá ti mọ èyí pẹ̀lú ojú, ṣùgbọ́n ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń ka ihò fún wọn.

A tún ní tọ́ọ̀ṣì kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò, irú èyí tí àwọn tó ń ṣẹ́ owó fi ń yẹ dọ́là wò. Tí a bá pa iná yàrá, tí a tàn án sí fìlà, òwú ayé òde òní máa ń tàn yanran bíi fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì, nítorí kẹ́míkà amúǹkan-funfun tó wà lára rẹ̀. Òwú tó ṣáájú ogun Hítílà kì í tàn bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn sí tọ́ọ̀ṣì yìí débi pé mo fi dá ẹjọ́ fìlà kan lọ́jọ́ kan kíákíá pé ayédèrú ni. Bàbá rọra bi ẹni tó ni í pé, "Ṣé ìyá yín fọ̀ ọ́ rí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọdọọdún ni ìyá àwọn ń fi Omo fọ̀ ọ́. Kẹ́míkà kan náà ló wà nínú ọṣẹ oníyẹ̀fun. Fìlà náà kò parọ́ rárá. Ìfẹ́ opó sí ọkọ rẹ̀ ló ń tàn lójú wa.

Lẹ́yìn òwú ni ìwé. Mo ní ìwé torí pé ọ̀pọ̀ fìlà ní ohun tí wọ́n tẹ̀ tàbí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú wọn. Lára fìlà àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹ máa rí àmì ọfà kan tó nà sókè: ohun ìní ìjọba ni ìyẹn túmọ̀ sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni orúkọ ẹni tó rán an, ọdún, àti ìwọ̀n orí. Ìwọ̀n wọn máa ń jẹ́ 6 7/8, 7, 7 1/8. 7 yẹn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 57. Tó bá jẹ́ 57 tàbí 58 ni wọ́n kọ, tí fìlà náà sì pẹ́, ilẹ̀ bíi Jámánì tàbí Faransé ló ṣeé ṣe kó ti wá. Àwọn ọmọkùnrin Èkó ń dé fìlà Kangol fún oge lónìí. Ọdún 1938 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Cleator, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà ogun Hítílà sì ni wọ́n ń rán bẹ́rẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ ogun. Bẹ́rẹ́ẹ̀tì ìgbà ogun náà, orúkọ Kangol Wear Ltd àti ọdún máa ń wà nínú rẹ̀.

Àdírẹ́sì náà ń sọ̀rọ̀. Àwọn òyìnbó tó ń rán fìlà fún ọ̀gá ṣọ́jà máa ń kọ àdírẹ́sì wọn sínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ London W. lásán, ó ṣeé ṣe kó ti ṣáájú ọdún 1917. Ọdún 1917 ni wọ́n fi nọ́ńbà kún un tó di London W.1. Ìgbà tó fi máa di ọdún 1974, gbogbo Ìlú Ọba ti ní kóòdù gígùn tí wọ́n ń lò títí dòní. Ti Amẹ́ríkà tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá rí DSA 100-67 nínú fìlà, 67 yẹn ni ọdún ìnáwó tí wọ́n gba iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn 1967. Ọdún 1977 ni DSA, àjọ tó ń pèsè ẹrù fún àwọn ọmọ ogun wọn, di DLA. Nọ́ńbà ẹrù wọn jẹ́ díjíìtì 11 títí di ọdún 1974, láti ìgbà náà ló ti di 13. Nínú díjíìtì 13 yẹn, ẹ wo ìkarùn-ún àti ìkẹfà: 99 ni Ìlú Ọba, 12 ni Jámánì, 14 ni Faransé, 00 tàbí 01 ni Amẹ́ríkà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé òṣùwọ̀n àwọn kọ́sítọ́mà mi.

Ní oṣù kẹrin, Bàbá ṣí áńkáṣífù kúrò lórí àwọn fìlà. Ó tó àkókò láti kọ́ ìrísí, ìrísí fìlà sì ni ìtàn ilẹ̀ wa.

Ọdún 1863 ni Ọmọ Ogun Nàìjíríà ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí, nígbà tí Glover, òyìnbó tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, kó àwọn Haúsá jọ. Láti ọdún 1897 ni òyìnbó mìíràn, Lugard, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó West African Frontier Force jọ, ọdún 1928 sì ni ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi Royal sí i níwájú. Fìlà pupa gíga bíi ti àwọn ará Tọ́kì ni wọ́n ń dé lọ́jọ́ ayẹyẹ, pẹ̀lú kóòtù pupa tó mọ láyà àti ọ̀já pupa ní ìbàdí. Wọ́n tún ní fìlà kékeré róbótó kan tí kò ní etí. Igi ọ̀pẹ ni bájì wọn. Tí ẹ bá rí igi ọ̀pẹ tí lẹ́tà R wà níwájú W.A.F.F. lábẹ́ rẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé kò lè ṣáájú ọdún 1928.

Lẹ́yìn náà ni ogun Hítílà dé. Ní ọdún 1943, wọ́n dá Dífíṣọ̀n 81 àti Dífíṣọ̀n 82 ti Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà sílẹ̀ láti lọ bá àwọn ará Jàpáànù jà ní Bọ́mà. Akẹtẹ̀ fífẹ̀ ni wọ́n dé nínú igbó ibẹ̀, torí òjò àti oòrùn. Àmì Dífíṣọ̀n 81 ni aláǹtakùn dúdú lórí aṣọ yẹ́lò róbótó: Ananse àwọn ará Gánà ni. Ti Dífíṣọ̀n 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá. Mo ní kí Bàbá tún un sọ. Òṣùká! Nítorí orí ni àwọn ọmọ wa fi ru ẹrù ogun gba àfonífojì Kaladan, níbi tó ṣòro fún ọkọ̀ láti dé. Ọkàn mi gbọgbẹ́, ó sì yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, fara gbọta níbẹ̀ ní ọdún 1944, àwọn ará abúlé ibẹ̀ ni wọ́n fi í pamọ́ tó fi yè. Ojoojúmọ́ ni a sì ń pe orúkọ ogun náà ní Èkó láìmọ̀: bárékè Arakan ní Àpápá, Myohaung ní Yábà, Dodan ní Ìkòyí, Bọ́mà ni wọ́n ti kó orúkọ wọn wá.

Nígbà tí ayé bẹ́rẹ́ẹ̀tì dé, ojú fìlà wa yí padà. Ọdún 1924 ni àwọn ọmọ ogun onítáǹkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba bẹ́rẹ́ẹ̀tì dúdú. Aláwọ̀ sánmà ni ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1956. Àwọn ọmọ ogun wa dé e nígbà tí wọ́n lọ sí Kóńgò lọ́dún 1960. Nínú àpótí ilé tó wà ní Gowon Estate, Ìpájà àti Ìgàndò, mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni Bàbá tó kọ́ mi ní bájì. Adé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Adé tó wà lórí bájì Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí ọdún 1901 títí di ọdún 1952, orí rẹ̀ wú bí àkàrà tó jinná. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì jọba, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí àárín orí rẹ̀ tẹ̀ wọlé bíi gàárì ẹṣin. Àkàrà ni ọba, gàárì ni ọbabìnrin. Nígbà tí Charles jọba ní ọdún 2022, adé oníàkàrà tún padà, nítorí náà bájì tuntun lè jọ ti ogun Hítílà lójú ẹni tí kò wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ní tiwa, a di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò sí lábẹ́ ọbabìnrin mọ́ ní ọdún 1963, ẹyẹ idì sì jókòó síbi tí adé wà. Ẹ gbé bájì sọ́wọ́: idẹ wúwo, alumíníọ̀mù tí wọ́n pa láró bíi wúrà fúyẹ́, láti àwọn ọdún 1950 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò idẹ.

Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n nígbà náà. Nínú ọjà kan, ọkùnrin kan mú fìlà kan jáde tó ní oòrùn àbọ̀ níwájú, àmì Bìáfrà tó wà láti oṣù karùn-ún ọdún 1967 títí di oṣù kìíní ọdún 1970. Ó sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó kú sójú ogun. Omi bọ́ lójú mi. Mo kó owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì fún un. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Bàbá, wọn kò wí nǹkan kan, wọ́n yọ bájì náà, wọ́n sì na fìlà sí mi. Pín-ìn-nì ẹ̀yìn bájì ti dípẹtà gidi, ṣùgbọ́n aṣọ tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí àbàwọ́n ìpẹtà kankan lójú ihò. Ọ̀já iwájú orí kò mọ òógùn rí. Wọ́n ní, "Ìtàn lo rà, fìlà kọ́. Ìtàn ẹnu, gbọ́ ọ lẹ́yìn tí o bá ti wo ọwọ́ tán." N kò sunkún lórí owó náà. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn kan kú ní tòótọ́ nínú ogun yẹn, ẹlòmíì wá ń fi orúkọ wọn ta ayédèrú.

Fìlà tó sọ mí di oníṣẹ́ dé lọ́dún kẹta. Ọmọ ìyá mẹ́ta gbé akẹtẹ̀ fífẹ̀ kan wá lẹ́yìn ìsìnkú bàbá wọn. Èyí àgbà ní Bọ́mà ni bàbá àwọn ti dé e. Àbíkẹ́yìn ní irọ́ ni, torí ẹyẹ idì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹyẹ idì lórí fìlà ṣọ́jà wa kí ọdún 1963 tó dé. Òtítọ́ ni ohun tó sọ yìí. Bàbá na akẹtẹ̀ náà sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ ni kí o dá a."

Mo wo inú kí n tó wo ìta. Ọ̀já awọ ìpilẹ̀ ni, òwú ìpilẹ̀ ló ṣì kún ihò rẹ̀, ọfà, ọdún 1943 àti ìwọ̀n 7 hàn fírífírí lára rẹ̀. Mo yọ ẹyẹ idì. Lábẹ́ rẹ̀, mo rí ibi róbótó kan tí oòrùn kò ṣá, tó fẹ̀ ju ẹyẹ náà lọ. Mo gbé e sún mọ́ wíńdò. Ihò abẹ́rẹ́ yí ibi róbótó náà ká, ọwọ́ ló rán an, kì í ṣe máṣínnì, ihò kan sì fẹ̀ ju ìkejì lọ. Mo sọ fún wọn pé, "Ohun róbótó kan ti wà níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹyẹ yìí tó dé. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Ẹ lọ wo àpótí yẹn dáadáa."

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n padà. Inú Bíbélì bàbá wọn ni wọ́n ti rí aṣọ yẹ́lò róbótó kan tí aláǹtakùn dúdú wà lára rẹ̀. Apá ẹ̀wù ni wọ́n máa ń rán an mọ́. Bàbá yẹn ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán an mọ́ akẹtẹ̀ nígbà tó délé. Mo gbé e lé ibi tí kò ṣá. Ihò bá ihò mu, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jàre: Bọ́mà ni akẹtẹ̀ náà ti wá, ẹyẹ idì sì dé orí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1963, nígbà tí bàbá náà fẹ́ kí fìlà òun di ti orílẹ̀-èdè òun. Èyí àgbà dì mọ́ àbíkẹ́yìn. N kò lè sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ fìrídọ́ọ̀mù mi, Bàbá kò se àsè. Wọ́n gbé fìlà ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ ọjọ́ kìíní yẹn síwájú mi, wọ́n ní kí n kà á. Mo kà á. London W.1 ni wọ́n kọ sínú rẹ̀, kò ní kóòdù gígùn: kò ṣáájú ọdún 1917, kò sì ju àwọn ọdún 1970 lọ. Òwú gidi ni wọ́n fi rán an. Ihò bájì kan ṣoṣo ló ní, ẹyẹ idì ló sì wà níbẹ̀, nítorí náà wọ́n kò dé e kí ọdún 1963 tó dé. Lẹ́tà méjì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi yíǹkì kọ. Bàbá mi orí, wọ́n ní, "Ọ̀gá mi ló ni ín. Ó fi í síkàáwọ́ mi lọ́dún 1967, ó ní kí n tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí òun bá dé. Kò dé."

Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì wa sí inú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn, àfi ibì kan tó ń tàn yanran. Òwú tèmi ni, èyí tí mo fi so ó lọ́jọ́sí. Bàbá mú páálí pélébé kan àti pẹ́ńsù fún mi. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: èmi ni mo tún ibí yìí ṣe, ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí, òwú pọ́líẹ́sítà. A fi páálí náà sínú fìlà, ibẹ̀ ló wà títí dòní.

Ẹ̀yin tí ẹ ní fìlà bàbá tàbí ìyá yín nínú àpótí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dé e jáde: òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa kò gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ ogun láyè láti wọ aṣọ ọmọ ogun. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má fi Brasso ra bájì rẹ̀. Ẹ fi aṣọ òwú funfun tó mọ́ ki inú rẹ̀ kó má wó, ẹ gbé e síbi tí oòrùn àti ọ̀rinrin kò dé, ẹ sì máa ṣí i wò nítorí kòkòrò. Tí ẹ̀yin kò bá lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, ilé ìṣúra ohun ogun wà ní Umuahia láti ọdún 1985, ilé ìṣúra ti Oníkàn sì wà ní Èkó níbí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ mú pẹ́ńsù lónìí, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó dé e, ibi tó ti dé e, àti ọdún tó dé e, kí ẹ fi sínú rẹ̀. Òwú lè jẹ́rìí sí ọdún. Orúkọ nìkan ni kò mọ̀.